Ewé rọ́bà méjì tó sọnù: bí Yamaha Bàbá Ìwòpin ṣe padà sójú omi

Ewé rọ́bà méjì inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló dá wa dúró sáàárín ọ̀sà Lekki ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tó fi jẹ́ pé àjẹ̀ la wà padà wálé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé àwọn méjèèjì kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ojú mi yìí ló rí i. N kò bi ara mi pé ibo ni wọ́n gbà lọ.

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, n kì í ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí "I better pass my neighbour" títí ó fi sú u, ó ti mọ ìdajì ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ onísítúróòkù méjì. Inú epo ni wọ́n ń po ọ́ìlì àwọn méjèèjì mọ́, kò sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọ́ìlì sí nínú ikùn wọn. Ìdajì kejì ni ọ̀rọ̀ omi. Atẹ́gùn ló ń mú ara jẹnẹrétọ̀ tutù; omi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń fà láti ìsàlẹ̀ ló ń mú tirẹ̀ tutù. Ìdajì tí n kò mọ̀ dunjú yìí náà ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá Ìwòpin ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìwòpin wà létí ọ̀sà Lekki, ní apá Waterside wa ní Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ sì wà ní òdìkejì omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi ń kó ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà sọdá lọ fún àwọn alájàpá ní Ẹ̀pẹ́, ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ Yamaha 15 kan ló sì ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Ní 2013, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó tú ẹ́ńjìnnì kúrò ní ìdí ọkọ̀, ó gbé e ti ògiri àtíbàbà lẹ́yìnkùlé, ó fi àpò gàárì dé e lórí, ó ní bí Iléyá bá ti kọjá òun á padà sí i. Iléyá mọ́kànlá kọjá. Wọ́n ń ju àwọ̀n tó ti gbó lé e lórí, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Ní 2024, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe àbúrò mi, ló ní òun fẹ́ gbé òwò ẹja náà dìde padà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà ti kúrò ní ohun tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè dá. Ẹ́ńjìnnì tuntun ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bàbá ní, "Ṣebí ẹ́ńjìnnì wà nílé." Ni wọ́n bá pè mí.

Ohun kan fi mí lọ́kàn balẹ̀ kí n tó gbéra. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, òfin lórí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé onísítúróòkù méjì tán lọ́jà ẹ́ńjìnnì tuntun, ṣùgbọ́n Yamaha ṣì ń ta irú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Enduro, ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà èlò rẹ̀ kò tíì wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, ojúlówó àti ayédèrú lórí tábìlì kan náà.

Nígbà tí mo dé, àbúrò mi ti wé okùn mọ́ fláìwíìlì, irin rìbìtì tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e láti fà á. Mo pariwo mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ká kàn mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

"Tó bá wà láàyè, ìwọ lo máa pa á."

N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà á. Ẹ́ńjìnnì tó ti dúró fún ọdún mọ́kànlá, ọ́ìlì ti gbẹ lára sílíńdà rẹ̀, ríìngì písítìnì ti lẹ̀ mọ́ ojú kòtò rẹ̀ pẹ̀lú èédú àtijọ́, ìpẹtà sì lè ti wà lára ògiri tí písítìnì ń gbà kọjá. Bí ènìyàn bá fi agbára fà á báyẹn, ríìngì lè ṣẹ́, ó sì lè ha ògiri sílíńdà. Ohun tí ọ́ìlì àti sùúrù ì bá tú sílẹ̀ á wá di ohun tí a ń gbé lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gẹ́ irin.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, mo da ọ́ìlì onísítúróòkù méjì tí mo po mọ́ dísù díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi aṣọ dí i, mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo fi sípánà sí náàtì orí fláìwíìlì, mo rọra yí i sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀nà tí òun náà máa ń yí. Ó gan díẹ̀, ó jáwọ́, ó yí. Mo fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ atẹ́gùn inú rẹ̀: sílíńdà kìíní fún mi ní 98, èkejì fún mi ní 70. Kò yẹ kí àlàfo àárín àwọn méjèèjì ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù. Mo gbà pé ríìngì tó lẹ̀ ló wà ní èkejì. Mo tún da ọ́ìlì sí i. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, nọ́ńbà náà di 110 àti 104. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ó tilẹ̀ dùn jù.

Iná ló kàn. A so púlọ́ọ̀gì tuntun mọ́ wáyà, a fi ara rẹ̀ ti irin, a fa okùn: kò sí iná rárá. Àbúrò mi ti pe ọ̀gá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe láti òdìkejì omi. Ọ̀gá náà wò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní CDI ti kú, àpótí kékeré tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, òun sì ní ọ̀kan nílé. Owó tó pè é tó ewúrẹ́ méjì. Bàbá ń wò mí, bí Ìjẹ̀bú ṣe máa ń wo ẹni tó fẹ́ ná owó rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan. Lára ẹ́ńjìnnì yìí, bọ́tìnì pupa kan wà tí wọ́n fi ń pa á, ike kékeré kan sì máa ń há sí abẹ́ bọ́tìnì náà, tí okùn rẹ̀ máa ń wà ní ọrùn ọwọ́ awakọ̀. Bí awakọ̀ bá ṣubú sómi, ike á já kúrò, ẹ́ńjìnnì á kú, kò ní máa yí ká kó wá fi pùròpẹ́là gé e. Níbi tí ike yẹn kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á rò pé awakọ̀ ti ṣubú. Mo wo bọ́tìnì: kò sí ike. Mo tú wáyà funfun àti dúdú tó wá láti ara bọ́tìnì náà, mo ní kí wọ́n fà á. Iná búlúù fò, ó dún ṣákí. Kò sí ohun tó ṣe CDI. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ la fi ra ike tuntun. Ìyá Ìwòpin wá rántí pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ti fi èyí àtijọ́ ṣeré títí ó fi sọnù.

Ọ̀rọ̀ epo kò gba àkókò púpọ̀ lẹ́nu ìtàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́. Epo 2013 ṣì wà nínú kàbùrétọ̀, tàbí kí n ní ohun tó kù nínú rẹ̀: nǹkan pupa rúsúrúsú tó ń fà bí oje igi, òórùn rẹ̀ bíi ti fánìṣì. Ihò tíntìntín tí epo ń gbà kọjá ti dí pátápátá. Mo rí àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún ihò yìí. Irin á fẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Okùn ìwọ̀, náílọ́nù tí wọ́n fi ń pẹja, ni mo lò lẹ́yìn tí mo ti rẹ kàbùrétọ̀ náà sínú epo mímọ́ di ọjọ́ kejì, kò sì sí ilé tí a kì í ti í rí irú okùn bẹ́ẹ̀ ní Ìwòpin. Rọ́bà pẹlẹbẹ inú pọ́ǹpù epo ti gan bí awọ ìlù, a pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà tí a ń fún lójú ọ̀nà láti inú táǹkì ti sán, a pààrọ̀ òun náà.

Okùn ìwọ̀ kan náà ló ṣe wá níkà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo tú ìdè ìsàlẹ̀ àpótí jíà, omi ló kọ́kọ́ ṣàn jáde, lẹ́yìn náà ọ́ìlì funfun bí ògì. Nígbà tí a yọ pùròpẹ́là, a rí okùn ìwọ̀ tó ti wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn, ó le, ó wọnú bí òrùka tó kéré jù fún ìka. Òun ló gé síìlì tó yẹ kó dá omi dúró. Jíà inú rẹ̀ ṣì dára, Ọlọ́run ló yọ wá: omi ọ̀sà Lekki kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Ká ní omi òkun ni, mi ò rò pé a máa bá eyín kankan. Mo fi síìlì tuntun sí i, mo sì rọ ọ́ìlì jíà tuntun láti ihò ìsàlẹ̀ títí ó fi yọ ní ihò òkè. Bí a bá rọ ọ́ láti òkè, atẹ́gùn á há sínú, a ó rò pé ó ti kún.

Níbi tí mo ti fẹ́ tú ìsàlẹ̀ kúrò lára òkè, bóòtù kan ṣẹ́. Irin àti alumíníọ̀mù tí wọ́n jọ gbé ara wọn pọ̀ tó ọdún mọ́kànlá, wọ́n ti di tọkọtaya. A fi iná yá a, a fi òòlù kàn án, ó ṣẹ́ síbẹ̀. Mo gbé e lọ bá tọ́nà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó lu èyí tó kù síbẹ̀ jáde, ó sì gẹ́ ojú ihò padà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ibi pọ́ǹpù omi, níbi tí mo ti ṣẹ̀.

Íńpẹ́là ni wọ́n ń pe rọ́bà tó wà nínú pọ́ǹpù náà. Ó rí bí òdòdó, ewé rẹ̀ mẹ́fà. Bí ọ̀pá ṣe ń yí, àwọn ewé yẹn ń tẹ̀, wọ́n ń nà, wọ́n sì ń ti omi gòkè lọ sára sílíńdà. Bí ó bá dúró fún ọdún mélòó kan, àwọn ewé á gan ní títẹ̀. Bí mo ṣe yọ ti Bàbá jáde, ó dàbí èso tó ti gbẹ lórí igi. Mo ka ewé rẹ̀: mẹ́rin. Ibi tí méjì yòókù ti já ṣì hàn. Mo sọ ọ́ sókè, mo tilẹ̀ fi han àbúrò mi: "Wò ó, ewé méjì ti já." Mo jù ú sínú korobá. Mo fi tuntun sí i, mo ń yí ọ̀pá sí ọwọ́ ọ̀tún bí mo ṣe ń tì í wọlé kí àwọn ewé lè tẹ̀ síbi tó yẹ. Mo wo inú ilé pọ́ǹpù fírífírí, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti bá omi lọ. Lóòótọ́ ni wọ́n bá omi lọ.

A rọ omi kún dọ́ọ̀mù ńlá kan lábẹ́ igi máńgòrò, a so ẹ́ńjìnnì mọ́ etí rẹ̀ kí ibi tó ń fà omi wà lábẹ́ omi dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí omi ti tó láti jó íńpẹ́là tuntun. Mo po lítà ọ́ìlì kan mọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ìlọ́po méjì ohun tó ń lò nìyẹn. Ìdajì lítà sí kẹ́ẹ̀gì kan ló tó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ́ìlì pọ̀ jù dípò kó kéré jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Fífà kẹrin, ó ta. Èéfín bo gbogbo àgbàlá, adìyẹ sá, àwọn ọmọdé ń jó.

Lára ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ihò kékeré kan wà tí omi máa ń tú jáde láti fi hàn pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ á ní "ó ń tọ̀." Tiwa kò tọ̀. Mo fi okùn ìwọ̀ gún ihò náà, amọ̀ jábọ́: agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Omi wá yọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kán ju bó ṣe ń ta lọ. Mo ní amọ̀ díẹ̀ ló kù, ó máa fọ ara rẹ̀. Amọ̀ yẹn tàn mí jẹ. Nígbà tí ènìyàn bá ti rí ìdí kan, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ wá èkejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta gbé ọkọ̀ jáde, gbogbo wa wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ̀gbọ́n kan tó mọ ojú omi ló jókòó síwájú. Ìdajì agbára ni a fi rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń dún geerege. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fún un." A fún un. Kò pẹ́, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ki, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè. Mo wẹ̀yìn: ihò yẹn kò tọ̀ mọ́, ooru omi gbígbóná ló ń jáde, òórùn ọ̀dà jíjó sì ti gba imú wa. Mo pa á.

Ẹ̀gbọ́n iwájú ní ewéko ni, ewéko olódòdó elésè àlùkò tó ti wọ omi wa láti 1984, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fà omi. A gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè: ó mọ́ fóó. A dúró títí ó fi tutù, mo fi ọwọ́ yí fláìwíìlì, ó yí. Mo gbà pé ọ́ìlì àpọ̀jù ló kó písítìnì yọ. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tan án. A fa àjẹ̀ yọ. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni a fi wà á, oòrùn lórí, kò sí ẹni tó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Bàbá jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń mu gàárì Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹja díndín. Ó wo àjẹ̀ lọ́wọ́ wa.

"Ó tún gbóná ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kọjá lára àwọn yòókù. Èmi ni mo dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, 'tún' báwo?"

"Ọdún tí mo gbé e sílẹ̀ yẹn, ṣebí bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá dé agbedeméjì, mo máa pa á, mo máa jẹ orógbó kan tán kí n tó tún fà á. Ẹsẹ̀ yìí ni gbogbo yín mọ̀. Òun náà ti ń rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí."

Mi ò bi í lóòótọ́. Mo ti béèrè ọdún tó rà á, mo béèrè irú ọ́ìlì tó ń lò, mo béèrè ibi tí ike wà. N kò béèrè bó ṣe ń ṣe ní oṣù tó gbé e sílẹ̀. Nínú ìṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń kí oníbàárà káàbọ̀. Nítorí pé ti ẹbí ni, mo gbà pé mo ti mọ ìtàn rẹ̀.

Mo lọ sídìí korobá. Íńpẹ́là àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ewé mẹ́rin. Ewé méjì kò já lórí ìdúró. Wọ́n já nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ní 2013, pọ́ǹpù sì tì wọ́n gòkè pẹ̀lú omi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo tún tú ìsàlẹ̀ kúrò, bóòtù tí tọ́nà gẹ́ jáde wẹ́rẹ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù omi láti òkè. Ewé kìíní jáde láti ẹnu páìpù náà, ó dúdú, ó le, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èkejì pẹ́. Mo ní láti ṣí ìdérí tẹmosítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná díẹ̀. Ewé náà há sí ọ̀nà tó wà lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ ti mọ ọ́ yíká bí ọgbà. Tẹmosítáàtì fúnra rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Mo so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná Ìyá Ìwòpin: ó yẹ kó ṣí kó tó pẹ́, tipẹ́tipẹ́ kí omi tó hó. Omi hó, ó ṣì panu dé. A ra tuntun. Mo tún un dán wò nínú ìkòkò kan náà kí n tó fi sí i, nítorí mo ti sọ pé ayédèrú wà lórí tábìlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, a dì í padà.

Nínú dọ́ọ̀mù, ó tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tọ̀ débi pé ó bá àbúrò mi ní ṣòkòtò níbi tó dúró sí. Wákàtí kan ni mo fi jẹ́ kó ṣiṣẹ́, mo ń fi ọwọ́ kan orí sílíńdà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, n kò ní láti yára fa ọwọ́ kúrò.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la kọjá sí Ẹ̀pẹ́. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan ní àlọ, díẹ̀ náà ló fi lé ní àbọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni a dúró láti yọ ewéko kúrò ní ìsàlẹ̀, ewéko gidi lọ́tẹ̀ yìí. Lítà méjìlá epo ló mu, èyí kò yà mí lẹ́nu. Irú rẹ̀ lè mu lítà mẹ́fà sí méje ní wákàtí kan bí a bá fún un dáadáa, ohun tí àbúrò mi á máa bá yí nìyẹn láti ìsinsìnyí lọ.

Bàbá gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ wa, ó gbé e sókè wo ohun tó kù nínú rẹ̀ lójú oòrùn. Ó wọlé, ó mú ẹfun, ó kọ lítà 12 sára ògiri àtíbàbà, lábẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀.